Odidi Ìgò fún Ẹnì Kan

Àwọn àwo méje tó wà nínú àpótí ooru ti ń kí ara wọn kí Ìbíwùmí tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n ń béèrè àlàáfíà ara wọn bí àwọn obìnrin tó pàdé létí odò, wọ́n sì ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nítorí ilé ìwòsàn ni ibẹ̀, ilé ìwòsàn kì í sì í ṣe ibi ariwo. Kò ya Ìbíwùmí lẹ́nu. Ó ti lo ọdún mẹ́rìnlélógún nídìí iṣẹ́ àyẹ̀wò kòkòrò àìfojúrí, ó sì ti gbà tipẹ́ pé ohun tó bá lè dàgbà lè sọ̀rọ̀. Ó wọ ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó di bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn, ó sì gbé àwọn àwo náà jáde sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwo kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Inú wọn ni a gbin kòkòrò tí a rí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn sí: Salimonẹ́là, tí í fa ibà táífọ́ọ̀dì àti ìgbẹ́ gbuuru. Orí kòkòrò náà ni a to bébà róbótó-róbótó lé, tí kò tóbi ju bọ́tìnnì lọ, oògùn apakòkòrò kan sì ti rin bébà kọ̀ọ̀kan gbingbin. Bí oògùn bá lágbára, kòkòrò á sá sẹ́yìn, ibi tó sá kúrò á sì mọ́ tónítóní bí àgbàlá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Bí oògùn kò bá lágbára, kòkòrò á hù wọ ẹsẹ̀ bébà, kò ní wò ó lójú.

Àwo mẹ́fà ní àgbàlá mímọ́ yí oògùn kan, ó kéré tán, nínú àwọn tó wà lórí pẹpẹ ilé ìwòsàn náà ká. Ọ̀kan kò ní. Kòkòrò inú rẹ̀ ti hù bo gbogbo oògùn wọ̀nyí, ó gun orí bébà, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó jókòó nínú ilé bàbá rẹ̀. Oògùn kan ṣoṣo ni ó sá fún, oògùn tí a kì í fún ènìyàn àfi bí gbogbo ìyókù bá ti kùnà. Ìbíwùmí sọ àwo náà ní Olóríkunkun. Ó fẹ́ wo orúkọ aláìsàn tó ni ín, ó dojú àwo dé láti ka ìdí rẹ̀, kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀. Orí ìdérí ni a kọ orúkọ sí.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìbíwùmí ló ń mọ òfin yìí kí ó tó mọ ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ìdí àwo ni a ń kọ orúkọ sí, nítorí ìdí kì í fi kòkòrò rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìdérí lè bá ẹlòmíràn lọ. Ó yẹ àwo mẹ́fà yòókù wò. Bákan náà ni. Ó tẹjú mọ́ ìkọ̀wé náà, lẹ́tà gbọọrọ tó tẹ̀ sápá òsì, pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fà sábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ tirẹ̀ ni.

"A ti pààrọ̀ wọn," ni àwo kìíní wí. "Láti àárọ̀ la ti ń pààrọ̀ ìdérí, bí ọ̀rẹ́ ṣe ń pààrọ̀ gèlè. Ó kàn wù wá ni."

"Ẹ má bínú o, ọ̀mọ̀wé," ni àwo kẹta fi kún un, ohùn rẹ̀ ń kán tótó bí oyin. "Ṣé inú ìwé tí ẹ kà ni wọ́n ti ní kí ẹ máa kọ orúkọ ènìyàn sórí fìlà, kí ẹ fi onífìlà sílẹ̀?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ìbíwùmí kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Àṣìṣe òun ni, ó gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan, níwọ̀n bí ẹni tó ta kókó náà ti ní ìka tí yóò fi tú u.

Dókítà Láníyọnu wọlé láti inú ògiri, níbi tí kàlẹ́ńdà wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń tẹrí ba fún gbogbo ilẹ̀kùn. Ògiri nìkan ni kì í tẹrí ba fún. Ìgò kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, oògùn kan ṣoṣo yẹn ni ó wà nínú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èyí nìkan ló ṣẹ́ kù. Mo ti dé gbogbo ibi tó yẹ kí n dé, kò tún sí òmíràn. Ta ni kí n fún?"

"Ẹni tí kòkòrò rẹ̀ kò gbọ́ oògùn mìíràn ni, Dókítà. Àwọn mẹ́fà yòókù ní tiwọn lórí pẹpẹ."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mà. Ta ni onítọ̀hún?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka ìdérí Olóríkunkun. "Bàbá Ṣówándé. Ó ti yé mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè máa lọ."

"Dúró ná. Àwọn ìdérí ti ṣí kúrò lórí ohun tí wọ́n dé."

Láníyọnu nàró. Orí rẹ̀ kan àjà, àjà sì sún sókè díẹ̀ fún un. "Mà, bí oòrùn bá kúrò lójú fèrèsé, ẹni tó nílò ìgò yìí á kú. Bí mo bá sì fún ẹni tí kò nílò rẹ̀, ẹni tó nílò rẹ̀ á kú bákan náà."

"Mo gbọ́ ọ," ni Ìbíwùmí wí. "Gbé ìgò náà kalẹ̀. N ó mọ̀ ọ́n."

Ògiri yàrá ìṣàyẹ̀wò ká sókè bí ẹní, wọ́ọ̀dù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Orí koríko tútù ni ibùsùn méje tò sí. Ibà aláìsàn kọ̀ọ̀kan jókòó sórí àga àlejò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń retí. Mẹ́fà nínú wọn ti bọ́ bàtà sílẹ̀ bí ẹni tí kò kánjú. Lẹ́bàá ibùsùn tó kángun sí fèrèsé, níbi tí ọmọbìnrin kan ti kọjú sí ògiri, ìkeje wọ bàtà, ó sì ti so okùn rẹ̀.

Ibùsùn àkọ́kọ́ ni Bàbá Ṣówándé wà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pípín lẹ́tà, ṣùgbọ́n ó ṣì dé fìlà iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí.

"Mo gbọ́ orúkọ mi o!" ni bàbá náà kígbe. "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi pín lẹ́tà nílùú yìí. Orúkọ tó bá wà lára nǹkan, òun ló ni nǹkan. Ẹ gbé ìgò mi wá."

"Ẹ kú ara líle, Bàbá," ni Ìbíwùmí dáhùn. "Bí ẹnì kan bá wá ki lẹ́tà Lágbájá bọ inú àpò tí a kọ orúkọ Tàmẹ̀dù sí ńkọ́?"

Bàbá náà ronú. Ibà rẹ̀ náà ronú. "Háà," ni ó wí níkẹyìn. "Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ rí. Ìgbéyàwó méjì ló bàjẹ́ lọ́jọ́ náà." Ó bo ara rẹ̀ ní aṣọ títí dé àgbọ̀n, kò sì béèrè ìgò mọ́.

Ìgbà tí Ìbíwùmí padà yíjú sí tábìlì, tábìlì ti wà nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó nídìí ààrò lórí àpótí kékeré, ó ń fi eyín já òwú. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti sin ín. Ara rẹ̀ dán, ó sì sanra díẹ̀ ju bó ti rí nígbà tó wà láyé.

Ìbíwùmí kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù funfun lọ́rùn. "Ẹ káàsán, Màámi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Àṣàkẹ́ mi, o kú iṣẹ́. Kí ló dé tí gbogbo yín fi yí ìgò kan ká bí ẹni tí ilé rẹ̀ jó? Ọmọ mélòó ló wà nílẹ̀?"

"Aláìsàn méje ni, Màámi. Ẹnì kan ló nílò rẹ̀. Mi ò tíì mọ ẹni náà."

"O ò mọ̀ ọ́n, o wá ń ronú?" Ó na òwú náà láàárín ọwọ́ méjèèjì. "Ìgò kan, ọmọ méje. Gbé e wá kí n pín in."

Òwú yẹn ni obìnrin náà fi ń gé ẹyin sísè kan sí ọ̀nà márùn-ún nígbà ayé rẹ̀, tí ọmọ kankan kò sì ní fi ojú wọn ègé ọmọnìkejì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń pín oògùn. Bí ibà bá mú ọmọ kan, tí wọ́n ra kápúsù ọjọ́ méje fún un, bó bá ti lè dìde ṣeré lọ́jọ́ kẹta, ìyá á kó ìyókù sínú agolo mílíìkì lórí àjà. Ẹni tí inú bá run lẹ́yìn ìyẹn á lo méjì. Ẹni tó bá wú ikọ́ á lo ọ̀kan. Aládùúgbò tó bá wá tọrọ á rí gbà. Ọlọ́wọ́ ire ni gbogbo àdúgbò ń pè é, Ìbíwùmí sì ń fi í yangàn láàárín ẹgbẹ́ kí ó tó lọ sí yunifásítì, níbi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ohun tí ìdajì oògùn ń ṣe. Kò sọ ohun tó kọ́ níbẹ̀ fún ìyá rẹ̀ rí. Ó ti ronú nígbà náà pé ìwà àfojúdi ni yóò jẹ́.

"Ẹ káàsán, ìyá wa," ni ohùn kan wí lórí tábìlì.

Olóríkunkun ni. Ohùn rẹ̀ balẹ̀, ó sì dùn ún gbọ́.

"Ta ló ń pè mí ní ìyá?" ni ìyá Ìbíwùmí béèrè.

"Kòkòrò ni, Màámi."

"Ó lẹ́kọ̀ọ́ o."

"Ọwọ́ irú yín ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, ìyá wa," ni Olóríkunkun wí. "Ẹ kú ọwọ́ ire. Oògùn tó tó pa mí, mi ò rí i rí nílé tí mo gbé dàgbà. Èyí tó tó kọ́ mi lọ́gbọ́n ni mo máa ń rí."

Ìyá náà wé òwú mọ́ ìka rẹ̀, ó sì tún tú u. Ṣùgbọ́n Ìbíwùmí ti gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́. Nílẹ̀ wọn, ọmọ tó bá kí àgbà kò lè kọ̀ láti dáhùn bí àgbà bá bi í pé ọmọ ta ni. Ìkíni ló ti fi di ara rẹ̀ lókùn.

"Màámi," ni ó wí, "ẹ bi í, ọmọ ta ni."

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Olóríkunkun lọ́ra. "Èmi ni àbíkẹ́yìn, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ sọ tiwọn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ọmọ ta ni yín?"

"Ọmọ oko adìyẹ ni mí," ni àwo kìíní wí. "Láràárọ̀ ni wọ́n ń po oògùn sínú omi adìyẹ, kí àìsàn tó dé. Mo ti mọ oògùn méjì dunjú. Mi ò mọ ìkẹta."

"Ọmọ kànga ni wá," ni àwo kejì àti ìkẹrin jọ wí, "kànga tó wà lẹ́yìn ṣáláńgá. Ìyá kan náà ló bí wa. A kàn gba ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọlé ni."

Àwo karùn-ún ti inú ife wàrà wá. Àwo kẹfà ti ọ̀nà jíjìn wá nínú àpò arìnrìn-àjò, èdè rẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà tó kan àwo kẹta, ẹlẹ́nu oyin, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

"Inú bàbá kan ni mò ń gbé," ni ó wí. "Gọ́ọ̀mù sítáǹbù wà láhọ́n rẹ̀ dòní. Mi ò lágbára, ìyá. Oògùn tó kéré jù lórí pẹpẹ lè lé mi jáde."

Bàbá Ṣówándé wúkọ́ lókèèrè.

Ìbíwùmí kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti rò pé ìdílé kan ni wọ́n, nítorí orúkọ kan ni wọ́n jọ ń jẹ́. Wọn kì í ṣe ìdílé kan. Inú wọ́ọ̀dù kan ni wọ́n ti pàdé, bí àwọn èrò tí òjò kó sábẹ́ òrùlé kan náà.

"Ó kù ọ́," ni ìyá náà wí fún Olóríkunkun.

"Ilé aránṣọ ni mo ti wá. Ọmọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, agolo kan ló wà lórí àjà. Mo ti gba inú gbogbo wọn kọjá, mo sì bá oògùn díẹ̀ nínú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Inú ẹni tó ń fi ètè mú píìnì ni mo wà báyìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi. Mo máa ń gbọ́ ìró máṣíìnì láti ibi tí mo sùn sí."

Ìbíwùmí dìde, ó rìn gba orí koríko lọ sí ibùsùn ẹ̀bá fèrèsé, níbi tí ibà tó ti so okùn bàtà jókòó sí, kò sì sáré. Ó di èjìká ọmọbìnrin tó kọjú sí ògiri mú, ó yí i padà. Ọmọ ogún ọdún ni, Tinúadé ni orúkọ rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná bí irin ìlọṣọ. Píìnì mẹ́sàn-án wà láàárín ètè rẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ ibà kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ máṣíìnì tí kò sí níbẹ̀. Oòrùn kò kù ju fífẹ̀ ọwọ́ kan lọ lójú fèrèsé.

"Bó bá jẹ́ irọ́ ni kòkòrò ń pa ńkọ́, mà?" ni Láníyọnu béèrè lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹnu rẹ̀ lè parọ́. Ọmọ yìí kò parọ́. Wo ètè rẹ̀. Gbé oògùn wá."

Ìbíwùmí fúnra rẹ̀ padà lọ gbé Olóríkunkun, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì kọ TINÚADÉ sí ìdí rẹ̀ gàdàgbà.

"Gègé yín tutù," ni Olóríkunkun wí.

Ṣùgbọ́n Láníyọnu kò lè gbé ìgò náà. Ìyá Ìbíwùmí ti gbé e lé itan, ó ti wé òwú mọ́ ọn lọ́rùn, òwú sì ti ń wọ inú dígí lọ wẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń wọ inú ẹyin.

"Màámi, ẹ dúró."

"Mo ti gbọ́ pé ẹnì kan ló le jù. Ègé tirẹ̀ á tóbi díẹ̀ ju tàwọn tó kù. Ìyẹn ò dáa?"

"Kò dáa, Màámi."

Ọwọ́ ìyá náà dúró. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ìbíwùmí, kò tíì sọ irú gbólóhùn yẹn fún ìyá rẹ̀ rí. Iná ààrò pàápàá rẹlẹ̀ láti gbọ́ ohun tí yóò tẹ̀ lé e.

"Tún un sọ."

Ìbíwùmí kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nà tọ́ọ́rọ́. "Kò dáa, Màámi. Bẹ́ ẹ bá pín in sí méje, kò ní tó ẹni tó nílò rẹ̀, á sì di ẹ̀kọ́ fún kòkòrò àwọn mẹ́fà tí kò nílò rẹ̀. Bó bá di ọ̀la, Olóríkunkun méje la máa ní, a ò sì ní ní ìgò kankan."

"Kí n wá máa wo ojú àwọn mẹ́fà?"

"Tiwọn wà lórí pẹpẹ. Odidi ni a ó fún àwọn náà, kálukú lọ́tọ̀, títí ó fi máa tán."

"Bí mo bá fún ọmọ kan ní odidi nǹkan," ni ìyá náà wí, ohùn rẹ̀ sì ti kéré, "kí ni ará ilé máa wí nípa mi?"

"Wọ́n á ní ọmọ náà yè."

Oòrùn tó kù lójú fèrèsé ti tín-ín-rín bí àmì ìwọ̀n lára rúlà. Ìbíwùmí na ọwọ́ méjèèjì, ó mú orí òwú náà, ó sì tú u kúrò lọ́rùn ìgò ní ìyípo kan, ìyípo méjì, ìyípo mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́, kò sì dí i lọ́wọ́. Nígbà tí òwú tán, ó fi òwú sínú àpò ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó sì gbé ìgò fún dókítà.

Láníyọnu fa gbogbo rẹ̀ sínú abẹ́rẹ́, ó sì fún Tinúadé ní gbogbo rẹ̀. Ó gbọn ìgò náà sétí láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Ó ti gbẹ. Bí oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé, píìnì àkọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà sínú koríko. Ìkejì tẹ̀ lé e, títí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fi bọ́ tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sinmi. Ó la ẹnu rẹ̀ tó ti ṣófo, ó mí jáde, ó ní, "Ta ló ń yan ẹja?"

Ibà rẹ̀ kò lè dìde lórí àga. Ó ń súnkì nínú aṣọ tó wọ̀, ara rẹ̀ ń di dúdú, ó ń gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń ká bọ̀ wá sókè, títí ó fi di odidi ẹja àrọ̀ yíyan kan tó fi ẹnu mú ìrù ara rẹ̀. Bàtà rẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú àga, okùn rẹ̀ ṣì wà ní síso.

Ìyá Ìbíwùmí rìn wá láti ìdí ààrò. Ó gbé ẹja náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń gbóná. Ó wo àwọn ibùsùn, ó sì ń ka orí wọn lábẹ́ ahọ́n, láti orí Bàbá Ṣówándé títí dé orí dókítà. Ó na ọwọ́ òsì sí ọmọ rẹ̀ fún òwú.

Ìbíwùmí kò fún un.

Ìyá náà jókòó sórí àga àlejò, ó yẹ̀gbẹ́ sí wọ́ọ̀dù bí ẹni tí ojú ń tì, nítorí kò tíì dá odidi nǹkan jẹ rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹja náà. Ó jẹ ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó jẹ ẹ̀yìn, ó fa ẹran tó wà lára egungun yọ pẹ̀lú sùúrù. Kò wo ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó na ọwọ́. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi kan ìrù. Ìbíwùmí kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú ife omi, ó rí i bí ó ṣe lá ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì gbé ojú sókè.

"Ṣé òmíràn wà?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.